Fáìlì Ọkọ̀ Olóyè Ajíṣefínní
Ẹni tó ń fi agbára rẹ́ni jẹ, kó wá gbọ́ ti Lámídì awakọ̀. Olóyè Ajíṣefínní, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, fi ọkọ̀ wó ògiri ilé ìwé, ó ní Lámídì awakọ̀ òun ló wà á. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, níṣojú ìyàwó Olóyè, ó ju fúláàṣì ẹ̀rọ tó ń gba ìrìn ọkọ̀ àti ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀ sí Lámídì, nítorí ó mọ̀ pé kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣí fáìlì inú rẹ̀: “Ṣí i ká rí ẹni tó wakọ̀, àbí kó o lọ ṣẹ̀wọ̀n, ọ̀dẹ̀!” Lámídì tì í bọ inú kọ̀ǹpútà àgọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó fi íàpíìsì sétí. “Bàbá, mo ti yí i padà sí ohùn o. Ta lobìnrin tẹ́ ẹ ń pè ní olólùfẹ́ yìí?” Olóyè fò dìde: “Irọ́ burúkú! Èmi nìkan ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ta ni mo fẹ́ pè ní olólùfẹ́?” Lámídì yọ fúláàṣì. “Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀. Fáìlì yìí ò tíì ṣí.”