Bí Awó Ṣe Wọ Ìlẹ̀kẹ̀ Sára, Tí Orí Rẹ̀ Sì Pá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó tì mí. Ìbíwùmí, gbé àbúrò rẹ lé ẹsẹ̀, kó má baà sùn kí ọ̀rọ̀ tó dùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ la etí yín sílẹ̀ gbayawu.

Nígbà láéláé, nígbà tí ọ̀run ṣì wà nítòsí, tí èèyàn lè na ọwọ́ kan àwọsánmà bí ẹni ń kan aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, Awó kò rí báyìí. Dúdú ni. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí àmì kan ṣoṣo lára rẹ̀. Orí rẹ̀ sì kún fún ìyẹ́ tó rọ̀ bí òwú.

Awó ń kọ́ṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́dọ̀ Aláǹtakùn. Ìyá àgbà ni Aláǹtakùn, abẹ́ igi àràbà ni àtíbàbà rẹ̀ wà, inú ara rẹ̀ ló sì ti ń fa okùn jáde. Àkókó ló ń lu ihò sí ìlẹ̀kẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ mú bí ìṣó. Awó ló ń tò ó.

Ẹ̀yin ọmọ, títò niṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ o! Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn kó o jọ bí àgbàdo. Awó á fi kékeré ṣáájú, á fi ńlá tẹ̀ lé e, á tún fi kékeré sé e. Á wá sún sẹ́yìn, á yí orí síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún, á ní, “Rárá, èyí kò tíì sọ̀rọ̀.” Á sì tún un tò.

Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Aláǹtakùn kò tíì tú u sílẹ̀. “Lọ́jọ́ tí o bá dá ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó ṣe láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀,” ni ìyá àgbà máa ń wí, “ọjọ́ náà ni màá pè ọ́ ní ọ̀gá.” Ọ̀gá! Kò sí ohun mìíràn tí Awó ń fẹ́ láyé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ìràwọ̀ ni wọ́n, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Wọ́n ń rìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ wọn kò tẹ koríko. Àárín wọn ni àbíkẹ́yìn wọn wà, Àgùàlà arẹwà, tí Òṣùpá fẹ́ gbé níyàwó. Wọ́n ru igbá kan tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ funfun tí wọ́n ṣà lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀run.

“Ẹ kúulé o, Ìyá,” ni ẹ̀gbọ́n àgbà wí. “Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ìyàwó la wá ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a gbọ́dọ̀ ti mú ìyàwó wọlé ọkọ. Àwa àti Oòrùn kì í pàdé lọ́nà.”

Aláǹtakùn yíjú sí Awó. “O gbọ́? Tìrẹ dé. Okùn nìkan ni màá fún ọ.”

Àkókó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó, kó, kó. Awó tẹ́ atẹ sílẹ̀, ó ń to òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ àwọn àlejò ń ṣàn lórí atẹ bí omi ẹ̀kọ, gbogbo igbó sì pa rọ́rọ́. Ìrẹ̀ pàápàá gbàgbé orin rẹ̀.

Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé okùn aláǹtakùn rọ̀ jù? Kò lè dá wọ ihò. Wọ́n ní láti ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ inú oje igi, kó le bí abẹ́rẹ́. Awó ń fi ẹnu ṣe é, oje sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Òfin ìyá àgbà ni pé, “Ewé ni kí o fi nu ẹnu.” Ṣùgbọ́n ewé jìnnà díẹ̀, ìkánjú sì wọ̀ ọ́. Awó nu ẹnu sí apá, ó nù ún sí àyà, ó nù ún sí ẹ̀yìn. Orí ń yún un, ó fi èékánná tó ti kún fún oje họ ọ́. “Màá wẹ̀ tó bá dọ̀la,” ló ń wí.

Ẹnu títò ló wà tí eruku òkúta tí Àkókó ń lu fi ń fẹ́ bọ̀ wá bá a.

“Àkókó, jọ̀ọ́, sún sẹ́yìn díẹ̀.”

“Ta lo rí yẹn? Ìwọ èédú yìí! O ò tíì di ọ̀gá, o ti ń lé èèyàn!”

“Afi-orí-lugi! Bí mo bá dọ̀gá, ìwọ ni màá kọ́kọ́ lé.”

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Inú bí Àkókó. Ó fi ẹnu fẹ́ eruku náà, fùúù, gbogbo rẹ̀ wọ Awó nímú.

Òkúta ti tò tán lórí atẹ, ó dọ́gba, ó dùn ún wò. Kò tíì sí ẹyọ kan tó wọ okùn. Imú Awó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín. Ó kígbe, “Ìyá, mo fẹ́ sín!”

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Orí ẹ̀ka ni Aláǹtakùn wà, ó ń ranwú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn. Bí ọmọ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ bá ní òun fẹ́ sín, kí ni ọ̀gá rẹ̀ yóò gbọ́? Sísín ìlẹ̀kẹ̀ náà sókùn ni!

“Sín in, ọmọ mi! Kí lo tún ń dúró dè?”

“Ìyá, ẹ gbé atẹ kúrò! Mo fẹ́ sín!”

“Má fòyà! Gbogbo rẹ̀ ni kí o sín!” Ìyá àgbà na ẹsẹ̀ gígùn kan sísàlẹ̀, ó ti atẹ náà wá sábẹ́ imú Awó gan-an.

“Hààtíṣíín!”

“Pẹ̀lẹ́ o,” ni gbogbo àlejò wí pa pọ̀, kí wọ́n tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Òkúta fò sókè bí ìyàngbò. Ó dúró díẹ̀ lójú ọ̀run, ó ń tàn, kò fẹ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ sára Awó, ó ń lẹ̀ mọ́ oje, lápá, láyà, lẹ́yìn, lórí.

Ariwo ta. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó yí Awó ká, wọ́n ń ṣà á. Orí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fa òkúta kan, ìyẹ́ á bá a wá, òkúta náà á sì rún mọ́ wọn lọ́wọ́ bí iyọ̀. Wọ́n ń fà, ó ń rún, títí orí Awó fi dán borokoto.

Omi bọ́ lójú Awó. “Ẹ má dúró,” ló wí. “Ẹ tu mí tán. Bóyá ti ẹ̀yìn kò ní rún. Kí ìyàwó sáà ti rí nǹkan sán.”

“Ó tó!” Àgùàlà ló sọ̀rọ̀. “Òtútù ni yóò pa á.”

“Àbúrò mi, ìdí òfìfo lo fẹ́ gbé wọlé ọkọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni Òṣùpá ń gbé níyàwó, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá, ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yín kí ẹ tó bá a wí.”

Aláǹtakùn sọ̀ kalẹ̀. Ó gun ẹ̀yìn Awó, ó ń fi gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ ọ wò. Kékeré, ńlá, kékeré. Bí Awó ṣe tò ó lórí atẹ náà ló ṣe bà lé e lára, ọ̀kan kò gun ọ̀kan.

“Ẹ̀ẹ́,” ni ìyá àgbà wí. “Láti ìgbà tí mo ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀, n kò sín irú èyí rí. Ọ̀gá Awó, dìde ńlẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni ara Awó ti kún fún tótòtó funfun, tí orí rẹ̀ sì pá. Bó ti wù kó yí nínú iyẹ̀pẹ̀ tó, kì í bọ́.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ wọn ń ṣe fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Àgùàlà ló kẹ́yìn. Ó dúró sókè igi àràbà, ó ń wo Awó, ó ń wò ó, títí ojú Oòrùn fi yọ díẹ̀.

“Ọ̀gá Awó,” ló wí, “a ń lọ o.”

Òun náà sì lọ.