Bí Ọ̀bọ Ṣe Fẹ́ Wa Ọkọ̀ Ọdún

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, ṣé oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu yín ni? Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀bọ ni mo mú wá bá yín lónìí, òun àti Ìyá Ẹtu.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko igbó kan ní ọkọ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo wọn ló jọ ni ín. Tí ọdún ìkórè bá dé, òun ni wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà ní òdìkejì odò. Ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa rárá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló lọ sísàlẹ̀, afárá tóóró kan ló sì wà nísàlẹ̀ yẹn. Nítorí náà, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá máa wakọ̀ ọdún kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹmu. Kó má baà dun onítọ̀hún jù, tí wọ́n bá ti débẹ̀, wọ́n á fún un ní odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Àwọn tó kù, kí wọ́n mẹmu wọn.

Ọ̀bọ wò ó títí. Ó fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ ẹmu. Ó ní, "Kí ló dé tí n ó fi mú ọ̀kan?" Ẹ ò rí ọ̀kánjúà bí!

Ọdún dé. Ọ̀bọ nawọ́ sókè. "Èmi ni n ó wakọ̀! Ẹmu kẹ̀? Èèwọ̀!" Wọ́n yìn ín, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó ní òun fẹ́ gun ọ̀pẹ, kí òun lè wo bí ọ̀nà ṣe rí láti òkè. Irọ́ ló ń pa! Akèrègbè tí adẹ́mu so sórí ọ̀pẹ ló ń lọ bá. Ẹmu ti kún un, ó ń hó yẹ́ẹ́. Ọ̀bọ gbé e sẹ́nu, gbù, gbù, gbù, ó gbẹ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó já ewé efinrin, ó rún un lẹ́nu kẹ́nikẹ́ni má baà gbóòórùn ẹmu.

Ìyá Ẹtu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń fi òrí pa ara Àyọ̀ká, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n Àyọ̀ká méjì ti jókòó sínú ọkọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nìkan ló ní láyé.

"Ẹ kú ọdún o, Ìyá Ẹkùn!"

Ìyá Ẹtu bojú wẹ̀yìn, kò rí Ẹkùn kankan. Ọ̀bọ ló dé. Ó bú sẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó ṣàwàdà. Ó na ọwọ́ òsì sí i pé kó gbé ẹrù àwọn ọmọ wá. Ọwọ́ òsì, sí àgbàlagbà! "Ẹ kú ọdún o," ó tún kí i. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún kí i, àfi bíi pé wọn ò tíì ríra láàárọ̀ náà. Efinrin ń ta sánsán lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n, ara ọkọ̀ ló sì dì mú kó má baà ṣubú.

Ìyá Ẹtu gbé òrí sílẹ̀. "Ọ̀bọ, ṣé o ò ti mẹmu báyìí?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ gbóòórùn ẹnu mi wò!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jókòó ti igbá ẹmu lábẹ́ igi dá sí i. "Ìyá Ẹtu, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ṣebí ọdún là ń ṣe. Ọ̀bọ lè dijú wakọ̀ lójú ọ̀nà yẹn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ojú ti Ìyá Ẹtu. Báwo ló ṣe máa já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ ọmọlọ́mọ lójú gbogbo ayé, lọ́jọ́ ọdún? Ṣùgbọ́n ó bojú wo inú ọkọ̀, ó rí àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ó tẹ́ ẹní, ó jókòó.

"Ọ̀bọ, ṣé ìdúró ni wọ́n fi ń kí ìyá kú ọdún nílé yín? Wá dọ̀bálẹ̀, kí n ṣàdúrà fún ọ kó o tó lọ."

Ta ló máa kọ àdúrà? Ọ̀bọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọ̀nà á là fún ọ."

"Àmín!"

"O ò ní fẹsẹ̀ kọ."

"Àm... mín."

"O ò ní fi ọkọ̀ ọdún gbé òkú ọmọ."

Ẹ̀yin ọmọ, kí ni Ọ̀bọ fi dáhùn? Àmín kẹ̀? Họ̀ọ̀ọ̀, fìì! Họ̀ọ̀ọ̀, fìì! Ó ti sùn lọ fọnfọn, ẹnu rẹ̀ wà nínú iyẹ̀pẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ó ní, "Yéè! Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni ì bá ti sùn!"

Ìyá Ẹtu mú kọ́kọ́rọ́. Ó pe Àgùntàn, tó ti ń fi omi tútù jẹṣu láti àárọ̀. "Àgùntàn, ìwọ náà wá kúnlẹ̀." Àgùntàn kúnlẹ̀, ó ṣàmín gbogbo àdúrà láìfi ọ̀kan sílẹ̀, ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Ìyá Ẹtu fún un ní kọ́kọ́rọ́, òun náà sì wọnú ọkọ̀ ti àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀, wọ́n rọra gba orí afárá kọjá. Àwọn ìyá àgbà ti ń dúró dè wọ́n, wọ́n gbá àwọn ọmọ mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgùntàn gba ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó pín fáwọn ọmọ, wọ́n jẹun, wọ́n ṣeré, ọdún dùn.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Ọ̀bọ ti dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Orí ń fọ́ ọ, inú sì ń bí i.

"Ìyá Ẹtu, ẹ dójú tì mí láàárín ẹgbẹ́! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ńkọ́?"

Ìyá Ẹtu gbé Àyọ̀ká, tí oorun ti gbé lọ, sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ó ní, "Ọ̀bọ, jọ̀ọ́, má bínú. Mo bẹ̀ ọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n máa bẹ̀ ọ́ nítorí pé mo dójú tì ọ́, ju kí ìwọ máa bẹ̀ mí nítorí ọmọ mi."

Ọ̀bọ wo ọmọ tó ń sùn léjìká ìyá rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé ẹrù wọn, ó sì tẹ̀ lé wọn délé.

Ìdí àlọ́ mi rèé o, ẹ̀yin ọmọ, àti ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Ẹni tó bá mutí, kó má wakọ̀. Ẹni tó bá sì rí i lójú ẹnìkejì rẹ̀ pé ó ti mu, kó má tijú, kó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn.