Bí Ọ̀kẹ́tẹ́ Ṣe Wá Gba Yàrá Nílé Ìyá Àparò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò lọ sí ààfin, kò lọ sí ojú ogun. Ẹnu ọ̀nà yàrá kan tó ṣófo ló dúró sí, ó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní ilé tí ẹ fi ń gba ayálégbé, ẹ má sùn o. Tiyín wà níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Àparò kan ń gbé ní ìdí òkè kan. Opó ni. Okùn tí ọdẹ dẹ sí etí oko ló mú ọkọ rẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun méjì péré ni ọkọ fi sílẹ̀ fún un: ilé oníyàrá méjì tí wọ́n jọ fi ẹsẹ̀ ara wọn po amọ̀ rẹ̀, àti ẹyin mẹ́sàn-án. Àwọn ẹyin wà ní yàrá inú. Yàrá ìta ṣófo.

Ìyá Àparò ń sàba. Kò lè jìnnà sílé lọ wá oúnjẹ, nítorí bí ẹyin bá tutù, ó parí nìyẹn. Ebi wá ń pa á. Àyà rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ ti ń já bọ́. Ó rò ó títí, ó ní òun á gba ayálégbé kan sí yàrá ìta. Àgbàdo ni ẹni náà á máa fi san owó ilé, òun á sì lè jókòó ti ẹyin òun títí wọn á fi pa. Ó bá àwọn ẹyẹ tó ń kọjá sọ ọ́ pé yàrá wà.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀kẹ́tẹ́ dé.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn. "Ẹ kú ilé o, ìyá wa! Ẹ kú ìtọ́jú ẹyin!"

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

"Dáadáa ni, ìyá. A dúpẹ́."

"Ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ni. Mo gbọ́ pé ẹ ní yàrá."

Irun rẹ̀ ń dán. Ó ti ya irun imú rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó mọ́ tónítóní. Ó sọ àpò kan kalẹ̀, ó tú ẹnu rẹ̀. Àgbàdo kún un dẹ́nu, àgbàdo tuntun, tó pọ́n bí ìyeyè.

"Ti oṣù mẹ́fà rèé, ìyá wa. Bó bá tán, mo tún ń gbé òmíràn bọ̀. Ṣé kí n máa gbé ẹrù mi wọlé?"

Itọ́ dà lẹ́nu Ìyá Àparò. Ó ti gbé apá sókè láti fi yàrá hàn án. Ẹnì kan wúkọ́ ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá Ìgbín ni, àgbàlagbà tí òun àti Àparò jọ pààlà.

"Àparò, wá ná."

Ó lọ bá a.

"Níbo lèyí ń gbé tẹ́lẹ̀?"

"Mi ò tíì bi í, Ìyá Ìgbín."

"Kí ló dé tó fi kúrò níbẹ̀?"

"Mi ò bi í."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹ ò rí irun imú rẹ̀ bó ṣe mọ́ tó ni?"

"Ṣé irun imú ló fẹ́ gba yàrá ni?" Ìyá Ìgbín rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Yàrá lo ní kí àwọn ẹyẹ polongo. Ta ló sọ ti ẹyin fún un?"

Ìyá Àparò yíjú padà. Ọ̀kẹ́tẹ́ ṣì dúró ti àpò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá inú ni ojú rẹ̀ wà.

Ó padà lọ bá a, ó bi í léèrè. Ìdáhùn kò jìnnà sẹ́nu Ọ̀kẹ́tẹ́. Ó ní àgbẹ̀ lòun. Ó ní ilé Bàbá Òòrẹ̀ lẹ́yìn òkè lòun gbé fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ó ní ariwo ìyàwó wọn ló lé òun jáde.

"Ṣé Bàbá Òòrẹ̀ á lè dúró fún ẹ?"

"Dúró kẹ̀? Wọ́n á dúró, wọ́n á jókòó, wọ́n á tún nàró! Ẹ má da ara yín láàmú, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ pè wọ́n wá."

"Rárá o," Ìyá Ìgbín ló dáhùn láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Onílé ló ń lọ wádìí fúnra rẹ̀. Àparò, ìwọ ni wàá lọ. Bá bàbá náà nínú ilé rẹ̀, kó o sì ní kó fi yàrá tí ọkùnrin yìí gbé hàn ẹ́. Títí wàá fi dé, ẹrù rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ìta."

"Ẹyin mi ńkọ́?"

"Kó ewé gbígbẹ bò wọ́n. Èmi á fi ìkarahun dí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n má pẹ́ o. Ewé ò lè ṣe iṣẹ́ àyà ìyá."

Ọ̀kẹ́tẹ́ jókòó sí abẹ́ igi, ó na ẹsẹ̀. "Mo wà níbí, ìyá wa. Ẹ bá mi kí bàbá o."

Ìyá Àparò mú ọ̀nà pọ̀n. Ọ̀nà náà yí òkè po, ó sì gùn. Àparò kì í fò bí kò bá sí ewu. Agbára tó kù lára rẹ̀ kò sì tó ohun tó lè fi ṣòfò. Ẹsẹ̀ ló ń sá, ebi ń lọ́ ọ nínú. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan, á rí ẹyin mẹ́sàn-án lójú ọkàn rẹ̀ lábẹ́ ewé, tí ooru ń fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun kan wà tí òun kò mọ̀. Òòrẹ̀ kò sí nílé yẹn mọ́. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ti wó, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ àna rẹ̀. Ọ̀kẹ́tẹ́ ló gbẹ́ abẹ́ ilé náà títí ó fi wó. Ihò tó gbẹ́ síbẹ̀ la abẹ́ òkè já, ó sì yọ sí inú igbó ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àparò. Bí ìyá ṣe yí kọ́nà tán báyìí, Ọ̀kẹ́tẹ́ ní òun fẹ́ lọ tọ̀ nínú igbó, ó wọ inú ihò, ó di eré. Nígbà tó yọ sí ilé Òòrẹ̀, ó ṣa ẹ̀gún Òòrẹ̀ tó ti re sílẹ̀ nílé náà, ó fi amọ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ìkánjú kò jẹ́ kó wo ibi tó kọ ẹnu wọn sí.

Ìyá Àparò dé. Ẹnu ọ̀nà ilé náà ṣókùnkùn. Ó gbọ́ ẹni tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ nínú rẹ̀. Ó ṣe ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó la ẹnu láti kí onílé. Ẹni inú ilé ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ẹ kú ilé o!"

Ìyá Àparò dúró gbagidi.

Ẹni tó ń wọlé bọ̀ ló máa ń sọ pé ẹ kú ilé. Ẹni tó wà nílé, ẹ káàbọ̀ ni tirẹ̀. Èyí wà nínú ilé, ó ń kí ẹni tó wà níta bí ẹni pé òun gan-an ni àlejò. Ìyá Àparò kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ó tún gbọ́ mímí náà. Ẹni tó jókòó sílé láti àárọ̀ kì í mí bẹ́ẹ̀.

Ó fẹ́ yí padà kó sá. Kò sá. Ó gbé ohùn rẹ̀ ró, ó dáhùn bí onílé ṣe ń dá àlejò lóhùn.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

"Dáadáa ni, ìyá. A dúpẹ́."

"Ibo lẹ ti ń bọ̀ báyìí?"

"Ilé Ìyá Àpa—"

Ohùn náà já. Lẹ́yìn náà ó wúkọ́, ó sọ ohùn di ti arúgbó. "Hẹ̀n-ẹ́n. Èmi Òòrẹ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kẹ́tẹ́ yẹn, ọmọlúwàbí ni. Ẹ tètè fún un ní yàrá."

"Bàbá, mi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀gún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú òkùnkùn. Ẹnu wọn kọjú síwájú. Lábẹ́ wọn ni Ìyá Àparò ti rí irun imú kan tó mọ̀, tó ti yà sọ́tùn-ún sósì. Ilẹ̀ pupa tútù ti bò ó.

Ìyá Àparò kò pariwo. Ó rò ó kíá. Ẹni tí òun fi sílẹ̀ lábẹ́ igi nílé òun ló wà níwájú òun yìí. Kò sì gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá lójú ọ̀nà. Abẹ́ ilẹ̀ ló gbà. Bó ṣe gba abẹ́ ilẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa gbà á padà.

Wọ́n wo ara wọn. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń rò.

Ọ̀kẹ́tẹ́ bẹ́ sínú ihò. Ìyá Àparò na apá.

Orí òkè ló fò gbà, kò fò ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Apá ń ro ó, afẹ́fẹ́ ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹ́ ń já bọ́. Nígbà tó ń rí òrùlé rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi orin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá Ìgbín, ẹ gbọ́ ohùn mi o,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ́!*
Olè ò gba ojú ọ̀nà bọ̀,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ́!*
Ẹ fetí sílẹ̀, ó ń bọ̀ lábẹ́ ilé,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ́!*
Ẹ ké sí ará àdúgbò o,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ́!*

Ìyá Ìgbín gbọ́. Ó figbe ta, ó sì yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àparò já wọlé, ó tú ewé ká, ó fi àyà kan àwọn ẹyin. Wọ́n kò tíì tutù tán. Ó bò wọ́n.

Ó wá gbọ́ ọ. Gbì. Gbì. Ọ̀kẹ́tẹ́ ti ya ihò kúrò lápá ẹ̀yìnkùlé, abẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń gbẹ́ bọ̀.

Níbo ló fẹ́ kó ẹyin mẹ́sàn-án gbà? Ẹnu rẹ̀ kò gba ju ẹyọ kan lọ, kò tilẹ̀ gba ẹyọ kan. Ó jókòó síbẹ̀. Ilẹ̀ yàrá sán. Erùpẹ̀ yọ sókè níwọ̀nba ìka mẹ́rin sí ẹyin tó wà létí. Imú kan yọ, eyín méjì tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ló dúró sí. Ọ̀kẹ́tẹ́ tì, kò lọ. Ó tún tì. Àwọn ẹ̀gún tó fi amọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ti gún ògiri ihò lọ́tùn-ún lósì, nítorí pé ó kọ ẹnu wọn síwájú. Bó bá fà sẹ́yìn ni, kíá ni ì bá bọ́, ì bá sì sá lọ. Ṣùgbọ́n òórùn ẹyin ti wọ imú rẹ̀. Iwájú ló ń tì. Bó ṣe ń tì ni abẹ́ ilẹ̀ ń mì, títí ihò fi ya lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wùù!

Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ti dí.

"Ìyá wa," ó ní, "ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ìtùnbí ìnùbí, bí onílé àti ayálégbé."

"Mi ò tíì fún ẹ ní yàrá." Ìyá Àparò fi ṣóńṣó ẹnu gún un nímú. Ọ̀kẹ́tẹ́ tún tì, ìyá tún gún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà títí ará àdúgbò fi dé.

Wọ́n wà á jáde pẹ̀lú ẹ̀gún lẹ́yìn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Òòrẹ̀ nílé àna rẹ̀. Òòrẹ̀ dé, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ̀gún ara mi nìyẹn! Ọ̀kẹ́tẹ́, ìwọ náà kọ́ lo bá mi sunkún lọ́jọ́ tílé mi wó? Ìwọ kọ́ lo ní àgbàrá òjò ni?"

Ìyá Ìgbín bi í léèrè. "O ti ní ihò dé ẹ̀yìnkùlé. Kí ló dé tó ò kàn jí ẹyin lọ, tó o fi ń wá yàrá kiri?"

Ọ̀kẹ́tẹ́ nu ẹ̀jẹ̀ imú. "Ti ọdún yìí nìkan kọ́ ni mo fẹ́. Ọdọọdún ni mo fẹ́ máa jẹ ẹ́. Ayálégbé tó ń bá ìyá sunkún, ta ló máa fura sí i?"

Wọ́n lé e jáde. Gbogbo ẹranko tó ní yàrá ló gbọ́, kò sì sí ẹni tó gbà á mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́tẹ́ ti ń dá gbé inú ihò, láìní onílé, láìní ará ilé.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹyin pa. Mẹ́jọ ni. Ìyá Àparò sàba lórí ìkẹsàn-án fún ọjọ́ márùn-ún sí i kó tó gbà pé kò ní pa. Ó wa ilẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sin ín, ó sì kó àwọn mẹ́jọ tó kù lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin tí ẹ ní yàrá. Ẹ má fi ohun tí àlejò gbé lọ́wọ́ gbà á sílé. Ẹ bi í léèrè ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀ àti ohun tó lé e kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín dé ibẹ̀, ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ, kí ẹrù rẹ̀ tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ sì rèé, bí òpùrọ́ bá tilẹ̀ pa ohùn rẹ̀ dà, ẹ tẹ́tí dáadáa: yóò ṣì sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún yín.