Ìdí Tí Ẹ̀gà Kì í Fi í Dákẹ́ Bó Bá Ń Hunlé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi kò dá lé ọba, kò dá lé ìjòyè. Ó já láti orí ọ̀pẹ, ó bà lé Ẹ̀gà, ó bà lé Ẹlulùú, ó bà lé Àkàlàmàgbò tó jẹ́ tíṣà gbogbo ẹyẹ. Inú máa ń bí mi bí mo bá ń pa á. Ẹ fara dà á fún mi.

Láyé ìgbà náà, ilé-ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo ẹyẹ ń lọ. Lọ́jọ́ kan, Àkàlàmàgbò fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ó ní, "Kí kálukú hun ilé kan wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún yín. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò máa gbé orí ọ̀pẹ ìgboro. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ wá, inú ìgbẹ́ ni n ó lé e lọ."

Ẹ̀gà fẹ́ ọ̀pẹ náà gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ejò ti jẹ ẹyin rẹ̀ nínú ìgbẹ́, ó sì ti kù díẹ̀ kó yé òmíràn.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, Ẹ̀gà ń ya mọ̀rìwò. Ẹlulùú ń jẹ tata kiri.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gà ń hun, ó ń tú u, ó tún ń hun ún. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà yẹn, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni Ẹ̀gà ń ṣiṣẹ́. Ẹlulùú ń sùn.

Lọ́jọ́ kẹta, ilé parí. Ẹ̀gà ní kí òun wá nǹkan fi sẹ́nu. Kó tó dé, Ẹlulùú ti já ilé náà lórí igi, ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ tíṣà.

"Tíṣà, iṣẹ́ mi rèé. Èmi ni mo hun ún."

Àkàlàmàgbò yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "O káre, ọmọ mi. Ìwọ lo ni ọ̀pẹ."

Ẹ̀gà dé, kò bá ilé. Ó fi ìkánjú hun òmíràn, ó sáré gbé e lọ sílé-ìwé. Ṣé ẹ mọ ohun tí tíṣà sọ?

Ó ní, "Ojú kò tì ọ́? Iṣẹ́ Ẹlulùú lo lọ jí wò."

Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni wọ́n ń pè lólè.

Ẹ̀gà ní, "Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò ní í gbà. Ẹ bi í léèrè níṣojú mi."

Tíṣà bi Ẹlulùú, "Níbo lo ti rí mọ̀rìwò?"

"Ilẹ̀ ni mo ti ṣà á."

Ẹ̀gà ní, "Irọ́ ni. Èyí tó wà nílẹ̀ ti gbẹ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kíkán ni."

Tíṣà tún bi í, "Kókó wo lo kọ́kọ́ ta?"

"Tíṣà, mo ti gbàgbé."

Ẹ̀gà ní, "Èyí tó mú un mọ́ igi ni. Ẹ wo ẹnu mi bó ṣe bó."

Tíṣà ní, "Ó dára, Ẹlulùú. Gbé e kọ́ bó ṣe yẹ kó wà, kí o wọlé."

Ẹlulùú gbé e kọ́. Ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó kọjú sílẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sókè bí igbá. Ó wọlé, ó jókòó. Òjò dé. Omi kún ilé títí dé ọrùn rẹ̀. Ó rin gbingbin, ó ń kígbe kí wọ́n yọ òun. Ẹlulùú ló fòjò pa ara rẹ̀.

Ojú ti tíṣà. "Ẹ̀gà, mo ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́. Má bínú."

"Mo bínú, Tíṣà. Bó bá ní kí n kọ́ òun ni, ǹ bá kọ́ ọ. Bó bá hun tirẹ̀, tó ní ọ̀dọ̀ Ẹ̀gà lòun ti kọ́ ọ, inú mi ìbá dùn. Ṣùgbọ́n ó pa orúkọ mi rẹ́ níbi tí mo ti làágùn, ẹ̀yin náà sì bá a pa á rẹ́."

Tíṣà lé Ẹlulùú wọ ìgbẹ́. Ìdí nìyí tó fi ń rá pálá lábẹ́ koríko títí dòní.

Ẹ̀gà gba ọ̀pẹ, ó yé ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò tán. Ìdí nìyí tí kì í fi í dákẹ́ bó bá ń hunlé. Bó ya mọ̀rìwò, a ké. Bó ta kókó, a ké. Igbe rẹ̀ ni pé, "Èmi ni mo ń hun ún, kí gbogbo ìlú gbọ́, kí gbogbo ìlú jẹ́rìí."

Ibi tí ààlọ́ mi sọ̀ sí nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o. Ẹnu Àwẹ̀ró, ìyá tó bí ìyá mi, ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá máa lọ pa á níbòmíràn, kó dárúkọ rẹ̀.