Ẹbọ Ogun Tó Dúró

Kí la ti mọ̀ nípa ọfà? A mọ̀ pé ó ní ibi tó ti wá, ó sì ní ibi tó ń lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ìyẹn dání wọ inú ìtàn yìí.

Ọfà gbọọrọ, awo ẹni tó ń lọ;
Ọfà tótòtó, awo ẹni tó dúró tini;
Àwọn ló rí ìdí ọ̀ràn fún Fadérera aránṣọ
Ní ọjọ́ tó ń jagun lórí máàpù tí kò rí ìlú gbà.

Ayò ogun orí ẹ̀rọ ayélujára ni Fadérera ń ta ní Ìkirè. Ní ọ̀sán gangan, àṣẹ tí olúkúlùkù kọ pamọ́ á tú síta lẹ́ẹ̀kan náà, máàpù á sì fi ọfà hàn: gbọọrọ fún ogun tó ń lọ, tótòtó, tí a fi àmì kékeré-kékeré tò, fún èyí tó dúró ti òmíràn lẹ́yìn. Ogun kan kò lè ṣí ogun kan nídìí. Ẹni tó ní alátìlẹ́yìn ló ń wọlé. Ìgbà mẹ́jọ ni Fadérera kọlu Ìgbópẹ̀, ìlú ọ̀tá lórí máàpù, ìgbà mẹ́jọ ni àgbélébùú pupa, àmì ìjákulẹ̀, bo ọfà rẹ̀. Ìkẹsàn-án ló kù. Bí ìyẹn náà bá bọ́, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje.

Òun àti Láníyonu káfíńtà, tí irú ìyà kan náà ń jẹ lórí máàpù tirẹ̀, tí ìgbà kan ṣoṣo sì kù fún, tọ Bàbá Ògúnkẹ́yẹ lọ. Awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà. Kò sí àmì máàpù tí ojú rẹ̀ kò mọ̀. Ó wo fóònù Láníyonu, ó sì wo ti Fadérera pẹ́.

"Ta ni ogun rẹ tó wà ní Odòòru yìí ń bá jà?"

"Kò bá ẹnikẹ́ni jà, Bàbá. Mo ní kó ran ogun mi tó wà ní Òkè-Àgbọn lọ́wọ́ ni."

"Kí lo kọ?"

"Odòòru ti Òkè-Àgbọn."

"Wo ọfà rẹ̀. Gbọọrọ ni. O ní kó tì í. O kò ní kó tì í lẹ́yìn. Ogun ara rẹ lò ń tì láti ìgbà mẹ́jọ."

Láníyonu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Fadé, ọ̀tá ilé!"

"Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín? Ogun rẹ mẹ́ta gba ọ̀nà mẹ́ta, kò sí èyí tó dúró ti ìkejì rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹbọ lẹ óò rú. Ogun kan ni kó lọ. Ẹ fi ìrìn èyí tó kù rúbọ. Kí ó dúró, kí ó ti èyí tó ń lọ lẹ́yìn."

"Ẹ má bínú, Bàbá, ogun tó dúró sójú kan, òpó ni. Èmi ò gbẹ́ òpó sójú ogun."

"Káfíńtà, kí ló ń gbé òrùlé dúró?"

Láníyonu ki fóònù rẹ̀ bọ àpò, ó dìde. Ó kọ̀, kò rúbọ.

Ẹbọ náà dun Fadérera. Ìlú Àgó-Ọsàn ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odòòru. Ogun Odòòru ìbá wọ̀ ọ́ láìjà. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì kọ ọ́: "Òkè-Àgbọn wọ Ìgbópẹ̀. Odòòru ti Òkè-Àgbọn lẹ́yìn wọ Ìgbópẹ̀."

Ọ̀sán pọ́n. Ọfà tótòtó fara ti ọfà gbọọrọ lẹ́yìn, kò sí àgbélébùú kankan, Ìgbópẹ̀ sì yí padà di àwọ̀ aró, àwọ̀ Fadérera. Ó fi okùn ìwọ̀n kọ́rùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń jó.

"Ṣé ọkọ dé ni?" ni oníbàárà tó ń wọn aṣọ fún bi í.

"Ìgbópẹ̀ dé, màmá!"

Lórí máàpù Láníyonu, ọfà mẹ́ta, àgbélébùú mẹ́ta. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Ó fi ìka àbámọ̀ bọnu, ó padà tọ Bàbá lọ: "Bàbá, báwo lẹ ṣe ní kí n kọ ọ̀rọ̀ 'lẹ́yìn' yẹn?"

Ẹni tó rúbọ gbàlú, ẹni tó fẹbọ ṣẹ̀fẹ̀ ń ṣọ́ òde. Ìwọ náà, bí o bá ṣí máàpù lọ́la, má tíì fọwọ́ kan ọfà gbọọrọ. Kọ́kọ́ wá ogun tí yóò dúró, kí o sì kọ àṣẹ rẹ̀ dé orí "lẹ́yìn".