Ìdí Tí Ẹrù Fi Ń Kọ́ Ọkọ̀ ní Sùúrù

Àwọn ará Òkè-Àfọ̀n máa ń sọ pé, "Ẹrù ní í kọ́ ọkọ̀ ní sùúrù." Bí àlejò bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, yóò rò pé ẹni tó sọ ọ́ ṣì í sọ ni. Ta ni kò mọ̀ pé ẹrù ló ń bẹ́ táyà, tó ń mú ọkọ̀ mí hẹlẹ bí arúgbó lórí òkè? Báwo wá ni ohun tó ń ni ọkọ̀ lára yóò ṣe di olùkọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé wáyé. Láníyọnu ló fi ojú rẹ̀ rí i, Ìbídùn aya rẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ náà.

Láníyọnu ni ẹni àkọ́kọ́ tó ra ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ní Òkè-Àfọ̀n. Ọ̀nà tó lọ láti abúlé náà sí ìlú Ayégúnlẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pè ní ọ̀nà. Àpáta yọrí nínú ilẹ̀ bí eyín ọmọdé, ọ̀gbàrá sì ti gbẹ́ ìyókù. Lójoojúmọ́ ni abẹ́ ọkọ̀ náà ń ha àpáta, tí ọkàn olówó rẹ̀ sì ń já.

Ó wá gbé e lọ bá Músílíù, ẹni tó ń tún sípíríǹgì ṣe ní Ayégúnlẹ̀. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà jẹ́ awẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, tí wọ́n sì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bíléèdì ni àwọn mẹkáníìkì ń pe awẹ́ kọ̀ọ̀kan.

"Jẹ́ kí n fi iná tẹ àwọn tó wà níbẹ̀, kí wọ́n tún ga sí i," ni Músílíù wí. "Bí mo bá kó bíléèdì mìíràn kún un, ọkọ̀ á ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n á le koko. Á máa ta bíi tata."

"Kó máa ta," ni Láníyọnu dáhùn. "Ṣé ẹyin ni wọ́n fi mọ ìdí mi ni?"

Músílíù rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe ohun tí oníbàárà fẹ́. Ó tú sípíríǹgì sílẹ̀, ó kó bíléèdì tó nípọn, tó yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, há àárín rẹ̀, ó sì fún un pinpin. Nígbà tí ọkọ̀ náà jáde, ìdí rẹ̀ ga sókè bíi ti àgbò tó fẹ́ kàn. Ajá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹrí. Láníyọnu a máa dúró lókèèrè wò ó bí ẹni ń wo ọmọge tó ń ti odò bọ̀.

Àpáta kò ha á mọ́. Ṣùgbọ́n ará ìta kankan kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìbẹ̀rù ti mú Láníyọnu pé bí èèyàn bá ń pọ̀ nínú rẹ̀, wọn yóò tẹ gíga rẹ̀ wálẹ̀. Ẹrù ara rẹ̀ nìkan ló ń gbé, ìyẹn náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kan, Ìyá Ràbí, arúgbó tó ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí, nawọ́ sí i. Láníyọnu yọrí lójú fèrèsé.

"Màmá, ẹ wo ọkọ̀ tó nàró bí ẹṣin ọba, ẹ wá fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn wọ́?"

"Ọmọ mi, ẹṣin tí a kò gùn, kí la fi ń jẹ́ ẹlẹ́ṣin?"

Eruku ló dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ará oko bá gbọ́ ìró ọkọ̀ Láníyọnu, inú igbó ni wọ́n ń yà sí, wọn a sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà títí Ìbídùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí oyún àkọ́kọ́ rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Màmá Délọ́lá, àgbẹ̀bí abúlé, jáde síta, ẹ̀jẹ̀ dé e ní ìgbọ̀nwọ́.

"Ọmọ náà dábùú. Apá mi ò ká a. Gbé ọkọ̀ rẹ, ká máa lọ sí ọsibítù Ayégúnlẹ̀ kíá."

Wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbé Ìbídùn lé e, Màmá Délọ́lá jókòó tì í. Láníyọnu tẹná.

Òkúta àkọ́kọ́ ni ó ju Ìbídùn sókè. Ọkọ̀ náà kò tẹ̀ rárá. Bí táyà bá ti gun nǹkan, gbogbo ara rẹ̀ ni í fò, gbì! Ìbídùn ké. Òkúta tún dé, ó tún ké. Nígbà tó yá, kò ké mọ́, èyí ló sì dẹ́rù ba àgbẹ̀bí jù. Ó fi ìkúùkù lu orí ọkọ̀.

"Dúró! Ìwọ ọkùnrin yìí, ọkọ̀ lò ń wà ni àbí odó lò ń gún?"

Láníyọnu bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ tí wọ́n fi wé aya rẹ̀, ó ń kán tó, tó, sórí iyanrìn.

"Ṣé kí n máa rọra wà á ni, màmá?"

"Bí o bá rọra, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tán lọ́nà. Bí o bá sáré, ọkọ̀ rẹ á gbọ̀n ọ́n pa."

Láníyọnu rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ lásán di bíléèdì mú bí ẹni pé ó lè fà á yọ. Irin náà gbóná, kò mira. Ó bú Músílíù, ó bú ara rẹ̀. Lókè, ojú ọ̀run mọ́ kedere láìsí ìkùukùu kan, bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni láyé.

Nígbà náà ni Ìbídùn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju mímí lọ.

"Ọkọ mi, ọjọ́ tí a kó àgbàdo wálé ńkọ́?"

"Àgbàdo kẹ̀? Ìbídùn, má sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ọkọ̀ gíga yìí náà ni, ó kún dẹ́nu lọ́jọ́ náà. Orí àpò ni mo jókòó sí, mo sì sùn lọ. Ẹ̀yin lẹ jí mi nílé." Ó sinmi díẹ̀. "Ẹ wá nǹkan tó wúwo kún un."

Láníyọnu dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Òótọ́ ni. Irin tó le yẹn, ẹrù nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́. Ó sáré lọ gbé òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ṣùgbọ́n Màmá Délọ́lá mi orí. "Á yí lù ú."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí àwọn ará oko fi yọ, agbọ̀n àti igi ìdáná lórí, Ìyá Ràbí ló ṣíwájú. Bí wọ́n ti rí ọkọ̀ náà, wọ́n yà sínú igbó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́!" Láníyọnu ń sáré bọ̀. "Ẹ wá wọ ọkọ̀!"

Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Kábíyèsí ní kí ẹrú wá gun ẹṣin òun."

Ìyá Ràbí kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gẹ́ mi ò ní tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn wọ́ mọ́ ni?"

Láníyọnu dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ́, màmá. Gbogbo yín, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ wọ́ pátápátá. Ìbídùn ń kú lọ."

Arúgbó náà wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí iyanrìn tó ti pọ́n. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sínú ọkọ̀ gbàà, ó sì yíjú sí àwọn tó kù.

"Kí lẹ dúró ń wò? Ṣé ti Láníyọnu la ń sọ ni? Ẹ wọlé!"

Wọ́n wọlé tẹ̀gẹ́tẹ̀gẹ́, tigitigi. Wọ́n jókòó yí tìmùtìmù ká, Ìyá Ràbí sì gbé orí Ìbídùn lé itan rẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń gùn ún ni irin ń ké lábẹ́ wọn, tí ìdí ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láníyọnu dúró, ó ń wo gíga ọkọ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ, bí àgbẹ̀ ṣe ń wo òjò àkọ́rọ̀.

"Wà á, ọmọ mi."

Ó wà á. Táyà gun òkúta. Ìdí ọkọ̀ tẹ̀, ó sì gbé ara rẹ̀ bọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó tún gun òmíràn. Wọ́n ń mì lọ, wọ́n ń mì bọ̀, bí ẹni wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n àpáta ńlá ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ṣì ń bẹ níwájú. Bí ọkọ̀ tó ti wálẹ̀ yìí bá há síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Láníyọnu di ìdarí ọkọ̀ mú, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbọ́ ìró irin lórí àpáta, fẹ́ẹ́rẹ́, bí èékánná lórí àwo. Wọ́n kọjá. Àṣé bíléèdì Músílíù kò burú. Ohun tí yóò gbé ni kò rí látọjọ́ yìí.

Ní ọsibítù, wọ́n sáré gbé Ìbídùn wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Láníyọnu kò lè jókòó. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, àwọn ará oko kò tíì sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀, àfi bí ẹni pé bí ẹnì kan bá dìde, nǹkan kan yóò tún ta níbì kan.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó yọjú. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Obìnrin ni ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ti dá, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Ariwo sọ nínú ọkọ̀. Ìyá Ràbí fi etí aṣọ nu ojú, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti kú tipiri.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ fún un, kí ọkọ̀ rẹ̀ lè ga padà."

"Ẹ jókòó síbẹ̀, màmá," ni Láníyọnu wí. "Mo ń gbé yín lọ sílé ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí n wá kó ìyá àti ọmọ, ẹ ó tún bá mi wá."

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá là ní Òkè-Àfọ̀n, tó wá ń sá fún ẹbí kí wọ́n má baà tẹ òun mọ́lẹ̀, a kì í bá a jà. A ó ní kó dúró lẹ́bàá ọ̀nà nírọ̀lẹ́, kó wo ọkọ̀ Láníyọnu tó ń gun òkè bọ̀, èèyàn àti agbọ̀n kún un, ìdí rẹ̀ nílẹ̀, ìrìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ọmọ ọwọ́ ń sùn láàárín wọn. Ẹrù ní í kọ́ ọkọ̀ ní sùúrù.