Ìbídàpọ̀, Àbúrò Rẹ̀ àti Ọmọ Tó Ń Wá Omi

Oorun kò kun Ìbídàpọ̀ mọ́, oúnjẹ sì ń korò lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín sí àbúrò rẹ̀, kì í rẹ́rìn-ín sí òun. Ọ̀rọ̀ kékeré ni létí ẹni tí kò jowú rí. Ẹni tó ti jowú rí mọ̀ pé iná inú kì í bèèrè igi ńlá.

Ìlú Òkè-Omi ni wọ́n ń gbé. Ìbídàpọ̀ fi iṣẹ́ irun dídì sílẹ̀, òun àti Tinúadé, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ títọ́ àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù sọ́nà. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dìndìnrìn. Bí ayé ṣe ń dún sí wọn létí, tó sì ń tàn sí wọn lójú, ló yàtọ̀ sí tiwa. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà á máa fi sùúrù kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe bèèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, bí wọn yóò ṣe wọṣọ, bí wọn yóò ṣe bá èèyàn jókòó láìsí ìpayà.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ fi lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́: Àdùnọlá, ọmọbìnrin tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí. Ìbídàpọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ láàárọ̀, Tinúadé ló ń gbà á lọ́sàn-án. Bí Ìbídàpọ̀ bá wọlé, Àdùnọlá á di etí, á máa gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ jẹ. Bí Tinúadé bá dé, ara rẹ̀ á rọ̀ wọ̀ọ̀, á fa aṣọ rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ á ní, "Tinú, ọwọ́ rẹ mà tutù o." Kì í sọ fún Ìbídàpọ̀ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ.

Ìbídàpọ̀ á máa fọ abọ́, á máa sọ fún ara rẹ̀ pé, "Èmi ni mo pọn Tinúadé dàgbà." Ó gbàdúrà pé kí ọmọ náà bu Tinúadé jẹ lójú gbogbo ayé. Nígbà tí àdúrà náà kò gbà, ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àbúrò òun ti fi oògùn mú ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi, èmi tí mo ń da ẹẹ́rìndínlógún, owó ẹyọ tí a fi ń wo ọ̀ràn, níwájú Ọ̀ṣun.

"Yèyé, ẹ bá mi wò ó. Kí ni Tinúadé lò fún ọmọ yẹn?"

Mo da owó ẹyọ. Odù Ọ̀ṣẹ́ ló yọ. Mo ní, "Kò lo nǹkan kan. Ojú tó ń ṣọ́ ìkòkò aládùúgbò, ọbẹ̀ tirẹ̀ ló ń jóná. Adìẹ, oyin, àti ẹ̀gbà idẹ tó ń ró woroworo lọ́wọ́ rẹ yìí ni Ọ̀ṣun ní kí o fi rúbọ. Lẹ́yìn náà, máa lọ jókòó sẹ́yìn àbúrò rẹ lọ́sàn-án. Má sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ni kí o máa wò, má wo Tinúadé."

"Kí n lọ jókòó sẹ́yìn ẹni tí mo pọ̀n?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá wọn tó ti kú ló fún un ní àwọn ẹ̀gbà náà. Ó pẹ́ kó tó bọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó bọ́ wọn. Ó gbọ́ ẹbọ, ó rú u.

Tinúadé gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun wá. Òun náà dé, kó lè mọ ohun tí a sọ nípa òun. Mo dà á fún un. Mo ní kó mú ẹyẹlé àti àkàrà wá, "kí o sì sọ ọ̀rọ̀ tí o fi pamọ́ sínú fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ojú rẹ̀ yí padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀ pé ìró ẹ̀gbà Ìbídàpọ̀ ló ń gún Àdùnọlá létí. Ó sì mọ̀ pé bí ara bá ń ni ọmọ náà, omi ló máa ń wá kiri, pé bó bá ti tọwọ́ bọ abọ́ omi, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Kò sọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní "àbúrò Ìbídàpọ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí àwọn èèyàn ń dá orúkọ rẹ̀ pè.

Ó rẹ́rìn-ín. "Yèyé, ọmọ ti fẹ́ràn mi ná. Kí ni mo fẹ́ fi ẹbọ ṣe? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa rú u." Ó dìde, ó lọ.

Ìbídàpọ̀ jókòó sẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Tinúadé. Díẹ̀díẹ̀, ojú náà yí sọ́dọ̀ ọmọ. Ó rí i pé kì í di etí sí òun mọ́. Ó rí i pé kí ìpayà tó dé, á kọ́kọ́ máa fi ìka ta ètè, á máa kùn, á sì kọjú síbi tí omi wà. Ìlara kò tán nínú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ti rí nǹkan mìíràn wò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn àlejò wá wo ilé ẹ̀kọ́ náà. Tinúadé mú Àdùnọlá síwájú wọn, ó ní kó ṣe èyí, kó ṣe tọ̀hún. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ ń ta ètè, ó ń kùn. Ìbídàpọ̀ sún mọ́ wọn, ó ní jẹ́jẹ́, "Tinú, omi ló ń fẹ́. Jẹ́ kó sinmi."

Tinúadé dá a lóhùn lójú gbogbo wọn: "Ẹ̀gbọ́n mi, àárọ̀ ni tiyín."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Bó ṣe yíjú sí àwọn àlejò báyìí, Àdùnọlá ti sá jáde.

Ariwo ta. Tinúadé gba ọ̀nà ọjà, ó ń ké pe ọmọ tí kì í dáhùn. Ìbídàpọ̀ gba ọ̀nà odò. Ó bá a lórí àpáta tó ń yọ̀, omi ti mù ún dé àyà. Ìbídàpọ̀ kò kígbe, kò sáré. Ó wọ omi tòun taṣọ, ó jókòó síbi tí kò jìn, ó ń bu omi, ó ń dà á sílẹ̀, ó ń kùn bí ọmọ náà ṣe ń kùn. Ó pẹ́. Àdùnọlá wò ó. Ó rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé orí lé e léjìká.

Ìyá ọmọ dé, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé omi ló máa wá?"

"Mo jókòó, mo wò ó ni."

Tinúadé, tó ti ti ọ̀nà ọjà wá dúró lẹ́yìn wọn, bú sẹ́kún. "Èmi ti mọ̀ tipẹ́." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó lè dì í mú, gbogbo wọn sì gbọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kí Tinúadé sún mọ́ ọmọ kankan mọ́. Ìbídàpọ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó kọ́ Àdùnọlá bí yóò ṣe máa nawọ́ sí àwòrán omi bó bá ń fẹ́ ẹ, àwọn òbí sì ń gbé ọmọ wọn wá bá a láti ìlú mìíràn. Tinúadé padà gbé ẹyẹlé àti àkàrà wá. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Ọ̀ṣun kì í lé ẹni tó pẹ́ dé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bọ́. Bó bá ń lọ sọ́jà báyìí, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà, kó má baà kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ náà.

Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe rò ó. Èyí tó rúbọ nínú wọn ń jẹ èrè rẹ̀ títí di òní. Èyí tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín, àbámọ̀ ló ń bá a jí.